Àgbò Tó Wá Fẹjọ́ Ẹ̀rọ Wa Sùn

Àgbò ni mo kọ́kọ́ rí, kí n tó rí ẹni tó mú un wá. Ó wà lórí ọ̀kadà, láàárín ọlọ́kadà àti obìnrin kan tó fi ìborùn bo imú. Ó na ọrùn síwájú bí ẹni tó mọ ọ̀nà, wọ́n sì fi ọ̀já dè é mọ́ àyà obìnrin náà bí ọmọ ọwọ́. Láti Tẹ̀dé ni wọ́n ti ń bọ̀. Eruku ojú ọ̀nà ti sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di àwọ̀ kan náà. Nígbà tí ọ̀kadà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò wa ní Ṣakí, ọlọ́kadà sọ̀, obìnrin náà tú ọ̀já, òun náà sọ̀. Àgbò nìkan ló jókòó síbẹ̀. Ó jọ pé ìrìn àjò náà dùn mọ́ ọn.

"Ẹ bá mi gbé Gómìnà sọ̀ o," ni obìnrin náà wí. "Òun gan-an ló ní ẹjọ́."

Gómìnà ni orúkọ àgbò náà. Ìyá Sàfú ni obìnrin náà, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé èmi ni mo yẹ oúnjẹ àgbò yìí wò ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, èmi náà ni mo sì fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Òkè-Ògùn. Mo wo Gómìnà. Egungun ìhà rẹ̀ yọ síta débi pé alùfáà lè fi ka tẹ̀sùbáà.

"Ìyá Sàfú, kí ló ṣe é?"

"Ohun tí mo bá wá náà nìyẹn, Bàbá Láàbù. Ẹ ní oúnjẹ yẹn lágbára. Gómìnà ní irọ́ ni. Ẹ mú un lọ síwájú ẹ̀rọ yín kí àwọn méjèèjì jọ rojọ́, kí èmi gbọ́."

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀ níbí, kí n sọ irú iṣẹ́ tí à ń ṣe tí àgbò fi lè bá wa ṣẹjọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ìwọ̀n èròjà amúaradàgbà tó wà nínú oúnjẹ ẹran, ìbáà ṣe ewé, ìbáà ṣe eèrí, ìbáà ṣe kúlíkúlí. Purotéènì ni àwọn tó lọ ilé-ìwé ń pè é. Òun ló ń di ẹran lára, òun ló ń di wàrà lọ́mú màlúù. Ẹran tí oúnjẹ rẹ̀ kò bá ní in tó, yóò máa jẹ, yóò máa yó, yóò sì máa rù. Ojú lásán kò lè rí i. Ewé méjì lè jọ tutù yọ̀yọ̀ lójú kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ oúnjẹ, kí èkejì jẹ́ omi tó wọ aṣọ ewé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e wá bá wa.

Bí a ṣe ń ṣe é kò jìnnà sí iṣẹ́ ìdáná. A ó sá nǹkan náà gbẹ, a ó lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́. A ó wọn ìwọ̀nba tí kò kún ṣíbí kékeré lórí òṣùwọ̀n kan tó jẹ́ pé bí èèyàn bá mí sí i, yóò ka èémí náà mọ́ ọn. A ó dà á sínú ìgò ọlọ́rùn gígùn, a ó bu ásíìdì sí i, a ó gbé e kaná. Yóò dúdú bí ọ̀dà, yóò máa hó, yóò máa rú èéfín, lẹ́yìn náà ni yóò máa mọ́ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi mọ́ gaara bí omi òjò tí àwọ̀ ewé díẹ̀ bọ́ sí. Ìgbà yẹn la mọ̀ pé ó jinná. A ó wá da sódà sí i, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, láti fi pa agbára ásíìdì náà. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kan yóò ti jáde, tí òórùn rẹ̀ dà bí ilé ewúrẹ́ tí wọn kò gbá láti Iléyá èṣí. Afẹ́fẹ́ yẹn gan-an là ń wá. A ó darí rẹ̀ sínú omi pupa kan, omi náà yóò di àwọ̀ ewé, a ó sì máa kán ásíìdì sí i ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi padà pọ́n. Bí ẹ̀kán náà bá ṣe pọ̀ tó ni náítírójìn inú oúnjẹ náà ṣe pọ̀ tó. A ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà àti ìdámẹ́rin, ó di purotéènì.

Omi pupa tí mo wí yẹn jọ sóbò. Bàbá kan láti Ìṣẹ́yìn wá gba èsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, ó jókòó ti ìgò náà, ó ń wò ó, ó ń gbé itọ́ mì.

"Ọ̀gá, ṣé ti títà ni sóbò yẹn?"

Mo ní rárá, ti ẹ̀rọ ni. Bàbá mi orí. "Ẹ̀rọ yín ń jayé jù mí lọ."

Ọ̀gá Jímọ̀ ló kọ́ mi níṣẹ́, ọkùnrin kúkúrú kan ọmọ Ìgbòho tó ti fẹ̀yìntì báyìí. Ẹ̀wù funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ kún fún ihò tí ásíìdì jẹ, ó sì ti sọ ihò kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó fi wọ́n hàn mí bí ẹni tó ń fi ọmọ han àlejò. Ó tọ́ka sí èyí tó wà lápá, ó ní, "Ìkánjú nìyí." Ó tọ́ka sí èyí tó wà níkùn, ó ní, "Èyí ni Wọ́n-Ń-Pè-Mí-Lórí-Fóònù." Èyí tó tóbi jù lọ wà lẹ́yìn. Mo bi í bí ásíìdì ṣe dé ẹ̀yìn.

Ó ní, "Èyí ni Mo-Ti-Ń-Sá-Lọ."

Ọkùnrin yìí ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ nígbà gbogbo tí mo bá ń lọ oúnjẹ ẹran lọ́wọ́. Á ní, "Àlàdé, ẹ̀rọ kì í ro nǹkan. Ohun tí o bá bù fún un ló máa sọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlú ṣe rí kì í bi ààfin nìkan. Á dé ọjà, á dé àkìtàn." Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo rò pé ìlú ló ń sọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Gómìnà.

Nígbà tí Ìyá Sàfú kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa, ewé ẹ̀pà gbígbẹ ló gbé wá, èyí tí wọ́n ń kó jọ nígbà ìkórè tí wọ́n sì ń dì sínú àpò de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó fẹ́ mọ bó ṣe lágbára sí, kí ó lè mọ iye kúlíkúlí tí yóò máa pò mọ́ ọn, nítorí kúlíkúlí wọ́n. Mo ṣe é. Ewé ẹ̀pà tí mo ti ń yẹ̀ wò bọ̀, bí ó bá gbìyànjú títí, á dé ìdá mọ́kànlá tàbí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Ìyá Sàfú fò ó, ó dé mọ́kàndínlógún. Mo tún un ṣe, mọ́kàndínlógún ló wà. Mo yọ̀ bí ẹni tó rí àjọbí nílẹ̀ òkèèrè. Mo pè é lórí fóònù, mo ní, "Ìyá Sàfú, oríire yín pọ̀. Ẹ dín kúlíkúlí kù. Ewé yìí tó wọn fún ara rẹ̀, ẹ kàn máa fi eèrí díẹ̀ sí i." Ó ṣàdúrà fún mi títí owó ìpè fi tán lórí fóònù rẹ̀.

Bí kò bá jẹ́ ti ọgbà ẹran ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà kì bá tí le. Agbo ilé wọn ní Tẹ̀dé ní ọgbà kan ṣoṣo tó dára fún ẹran. Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣòwò lẹ́bàá ibodè ní Ìjió, ló kọ́ ọ. Ìyá Sàfú ń sin àgbò tirẹ̀ ní apá ọ̀tún, àbúrò ọkọ rẹ̀ ń sin tirẹ̀ ní apá òsì. Àwọn ìyàwó ilé ló sọ àbúrò ọkọ yìí ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé. Ó ti pẹ́ tí ikùn rẹ̀ ti kọ orúkọ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ìyàwó kò tíì kọ̀ ọ́. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ pé Ìyá Sàfú gbé ewé lọ fún ẹ̀rọ, òun náà ló kọ́kọ́ rí i pé àgbò ń rù. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjió. Ẹ̀gbọ́n náà dájọ́ lórí fóònù: bí àgbò Ìyá Sàfú kò bá sanra títí Iléyá, kí ó kó wọn jáde, kí àbúrò òun gba gbogbo ọgbà. Iléyá sì ku nǹkan bí oṣù méjì.

"Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn," ni Ìyá Sàfú wí. Ó ti jókòó sórí àga onírin wa, ó di okùn Gómìnà mú. "Láràárọ̀ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń dúró lẹ́bàá ọgbà. Á ní, 'Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé Gómìnà ń gba ààwẹ̀ ni? Ẹ sọ fún un pé Ràmàdáánì ti kọjá.' Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń sin ẹran. Bí wọ́n bá gba ọgbà yẹn lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún fẹ́ máa jí ṣe?"

Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. Mo wọlé lọ, mo mú ìyókù ewé rẹ̀ tó wà nínú ìgò, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sì fi èròjà kan tí a ti mọ iye rẹ̀ tẹ́lẹ̀ dán ẹ̀rọ náà wò, bí alájàpá ṣe ń fi òkúta tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán òṣùwọ̀n wò. Ẹ̀rọ kò ṣìnà. Ewé náà sì tún jẹ́ mọ́kàndínlógún.

Ó ku ohun kan tí n kò fẹ́ bi í. Ẹ̀rọ wa kò dá purotéènì mọ̀ lójú, náítírójìn nìkan ló ń kà. Bí èèyàn bá bu ajílẹ̀ yùríà sí oúnjẹ ẹran, ẹ̀rọ á kí i kú oríire, bẹ́ẹ̀ ohun tó bù sí i lè pa ẹran. Mo ti rí àwọn tó ń ta oúnjẹ ẹran tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jókòó tì í, mo rọra gbé e kalẹ̀.

"Ìyá Sàfú, ẹ má bínú o. Ṣé kò sí yùríà tó ṣèèṣì dà sí i nílé?"

Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Yùríà? Kí n gbé yùríà fún Gómìnà? Ṣé àgbàdo ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí a gbọ́ tí nǹkan ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa. Gómìnà ti já okùn. Ó ti fẹsẹ̀ méjì iwájú lé orí tábìlì, ó ti fa àpò kan ya, ó sì ń jẹ ewé ẹ̀wà gbígbẹ tí bàbá kan gbé wá láti Kísì fún àyẹ̀wò. Kí a tó dìde, ó ti jẹ èyí tó pọ̀ jù. Ó tún jẹ bébà tí wọ́n kọ orúkọ bàbá náà sí.

"Ẹ ò rí i?" ni Ìyá Sàfú wí. Kò tilẹ̀ dìbọ́n pé òun bínú. "Ó mọ oúnjẹ gidi. Èyí tí ẹ ní ó lágbára yẹn ni kò fẹ́."

Kò sí ọgbọ́n tí mo lè dá ju pé kí n pe bàbá ará Kísì. Mo gbé fóònù, mo ṣàlàyé pé ìjàǹbá díẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ewé rẹ̀, kí ó jọ̀ọ́ fi òmíràn ránṣẹ́. N kò dárúkọ Gómìnà.

"Ọ̀gá," ni bàbá náà wí, "àbí kò dára tó ni, tí ẹ fi dà á nù? Odidi ọjọ́ kan ni èmi àti àwọn ìyàwó mi fi ṣa ewé yẹn!"

"Ẹ ṣà á bí i ti báwo?"

"Háà! Ẹ̀yọ kọ̀ọ̀kan ni o! A yọ igi, a yọ èyí tó pọ́n, a yọ èyí tí kòkòrò jẹ. Ṣé màá gbé pàǹtí wá síwájú yín ni?"

Mo sọ fóònù kalẹ̀. Mo yíjú sí Ìyá Sàfú. Nǹkan kan ti ń rìn lẹ́yìn ọrùn mi bí èèrà.

"Ìyá Sàfú, ẹ̀yin ńkọ́? Báwo lẹ ṣe kó ewé tiyín?"

Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ti ń retí kí wọ́n bi òun ní ìbéèrè yìí. Ó ní bí àwọn ṣe kírun àsùbáà tán, òun àti Sàfú ọmọ òun tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n da àpò kan kalẹ̀, wọ́n ń já ewé kúrò lára igi, èyí tó tutù lójú jù lọ nìkan. Wọ́n fẹ́ ẹ nínú atẹ kí erùpẹ̀ lè kúrò. Ó ní nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ó wá rí gbẹrẹfu lójú òun, kò ní ìwúwo, òun sì bu ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà gidi sí i kí ó má baà jọ ọrẹ ahun. Ó ra ọ̀rá tuntun, ó dì í.

"Ẹ̀pà gidi," ni mo wí.

"Ẹ̀pà gidi, Bàbá Láàbù. Ilé ìjọba ni mo ń gbé e lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìrẹsì ránṣẹ́ sílé àna yín, ṣé ẹ kì í ṣà á ni?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, mo gbé ọwọ́ lérí. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é! Wọn kò purọ́, wọn kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ta ló kọ́ ọ nílé wa pé kí o gbé èyí tó bàjẹ́ lọ síwájú àlejò? Èyí tó dára jù là ń mú jáde. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Láti Ìṣẹ́yìn títí dé Kísì, àwọn èèyàn ń gbé àṣàyàn wá fún wa, à ń bá wọn yẹ àṣàyàn wò, wọ́n ń padà sílé lọ fi ìyókù bọ́ ẹran. Mo rántí ará Ìgbòho kan tó fi epo pupa díẹ̀ kun eèrí rẹ̀ kí ó lè ní àwọ̀. Mo rántí Ọ̀gá Jímọ̀ pẹ̀lú àkìtàn rẹ̀. Kì í ṣe ìlú ló ń sọ.

"Ìyá Sàfú," ni mo wí, "lọ́la, èmi ni mo ń bọ̀ ní Tẹ̀dé. Ẹ má ṣe ṣa nǹkan kan dè mí. Ẹ gbọ́? Nǹkan kan."

Ó ní òun gbọ́.

Nígbà tí mo dé Tẹ̀dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ẹní. Láàárín ẹní ni abọ́ kan wà tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Mo ṣí i. Ewé ẹ̀pà ni, aláwọ̀ ewé, ó mọ́ tónítóní bí ewé inú àlá, àwọn ẹ̀pà funfun sì ń yọjú láàárín rẹ̀.

"Ìyá Sàfú!"

"Díẹ̀ ni," ló wí. "Díẹ̀ ni mo ṣà. N kò lè jókòó kí n máa wò."

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó mú mi dé ibi tí àpò wà. Àwọn àpò náà jókòó sí igun ilé, wọ́n tò wọ́n lérí ara wọn. Ọ̀nà tí a fi ń mú nǹkan àyẹ̀wò kò le. Èèyàn á ki ọwọ́ bọ òkè àpò, á bu díẹ̀, á ki í bọ àárín, á bu díẹ̀, á ki í dé ìsàlẹ̀ pátápátá, á bu ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri àpò, yóò da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí ọ̀rá kan, yóò rò ó, yóò pín in sí mẹ́rin bí ẹni ń pín àkàrà, yóò kó ìdá méjì tó kọjú síra wọn sẹ́yìn, yóò tún ìyókù rò, yóò tún un pín. Bó bá kéré tó láti gbé lọ, ó tán.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò àkọ́kọ́ dé èjìká. Ohun tí mo kọ́kọ́ mú jáde nísàlẹ̀ ni igi ẹ̀pà gbígbẹ tó le bí ìgbálẹ̀, pẹ̀lú erùpẹ̀, pẹ̀lú apá kan bàtà ọmọdé.

"Yé!" ni Ìyá Sàfú wí, ó sì di igi náà mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìyẹn lọ sí Ṣakí."

"Bàtà nìkan ni n kò ní gbé, Ìyá Sàfú. Ẹ fi igi sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀."

"Gómìnà ń bá yín gbọn erùpẹ̀ kí ó tó jẹ ẹ́ ni?"

À ń fa igi náà síwá sẹ́yìn nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dé. Ó ti gbọ́ ariwo láti ẹ̀yìnkùlé. Ó fi ọwọ́ lé ikùn, ó ń wò wá.

"Ìyàwó wa, ẹ kú àlejò. Ṣé oúnjẹ Ọ̀gá náà nìyẹn? Ẹ bá wọn fi obẹ̀ sí i."

"Ọkọ mi," ni Ìyá Sàfú dáhùn láì yíjú, "ẹ lọ wo àgbò yín."

"Àgbò tèmi? Àgbò tèmi kò níṣòro. Ojú ni èmi fi ń wo ẹran tèmi, n kì í fi ìgò wò ó. Ẹ wá wò wọ́n, Ọ̀gá. Wọn ò lọ ilé-ìwé o, ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí wọn."

Mo tẹ̀ lé e lọ sínú ọgbà. Òótọ́ ni, àgbò rẹ̀ sanra. Mo bi í ohun tó ń fún wọn. Ó ní eèrí àti èèpo pákí, ohun tí bàbá rẹ̀ ń fún ẹran náà nìyẹn, kò sí àwíjàre kan lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi, nítorí pé oúnjẹ yẹn kò lè gbé àgbò dé ibi tí wọ́n wà. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Kò pẹ́, èyí tó tóbi jù nínú wọn rìn lọ síbi odi ọgbà, ó fẹsẹ̀ lé e, ó na ọrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé àgúnmániyè, igi kan tí wọ́n gbìn ṣe odi ní apá ọ̀dọ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èkejì tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹ̀ka ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ ní àjẹkù dé ibi tí ọrùn wọn mọ. Ní apá Ìyá Sàfú, ògiri bíríkì ni.

"Ṣé ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wọn ní èyí?" ni mo bi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Ó wo odi rẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di igi lásán. "Àwọn olè wọ̀nyí!" ló kígbe. "Èmi rò pé kòkòrò ni!"

Mo já ewé àgúnmániyè náà. Ìyá Sàfú náà ti tẹ̀ lé wa wọlé, ó ń na ọwọ́ sí èyí tó tutù jù lórí ẹ̀ka, ó rántí, ó fa ọwọ́ padà. Mo rí i bó ṣe ń dùn ún. Ó já ọ̀kan lókè, ó já ọ̀kan láàárín, ó di ojú nígbà tó fẹ́ já ti ìsàlẹ̀.

Èsì rẹ̀ kò pẹ́. Ewé ẹ̀pà inú àpò, tigi-tewé, tòun ti erùpẹ̀, kò ju ìdá mẹ́sàn-án lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlàjì ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún un ni, kò tilẹ̀ tó ìlàjì. Ewé àgúnmániyè kọjá ogún. Mo pe Ìyá Sàfú, mo ní kí ó dá kúlíkúlí padà sínú oúnjẹ wọn, kí ó máa já àgúnmániyè lójú ọ̀nà oko, kí ó sá a kí ó rọ díẹ̀ kí ó tó fún wọn, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ikùn wọn lè mọ̀ ọ́n. Ó ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti fi ẹ̀gún yí odi rẹ̀ ká, kí àgbò má baà jẹ ẹ́ mọ́.

"Ṣé ẹ ò sọ fún un pé ewé yẹn ló ń mú kí àgbò rẹ̀ sanra?"

"Mo sọ. Ó ní ẹ̀rọ ò lè wá kọ́ òun."

Láti ọjọ́ náà títí di Iléyá, n kò fi bẹ́ẹ̀ sùn dáadáa. Èmi ni mo kọ́kọ́ fẹnu ara mi ní kí obìnrin náà dín kúlíkúlí kù, bí wọ́n bá gba ọgbà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú wo ni màá fi kọjá ní Tẹ̀dé? Sàfú ń fi fọ́tò Gómìnà ránṣẹ́ sí mi lórí wọ́ọ̀sáàpù ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní àkọ́kọ́, egungun ni mo ń rí. Lẹ́yìn náà, mo ń rí irun. Lẹ́yìn náà, Gómìnà kò gba inú fọ́tò mọ́, orí rẹ̀ nìkan ló máa ń fi ránṣẹ́, tàbí ìdí.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, Bàbá Sàfú dé láti Ìjió. Wọ́n ní bó ṣe sọ̀ nínú ọkọ̀, inú ọgbà ló kọ́kọ́ gbà lọ. Ó ki ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn Gómìnà, ó wá egungun, kò rí i. Ó kọjá sí apá òsì, ó ki ọwọ́ mọ́ ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó rí i. Ó ní, "Ìyá Sàfú, ta ló ní kí ẹ jáde nínú ọgbà?" Ìyá Sàfú ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá Sàfú." Ó ní, "Fóònù yẹn kò dún dáadáa." Ọ̀rọ̀ ọgbà parí síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta ọdún, mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò wa nígbà tí mo tún rí ọ̀kadà láti ọ̀nà Tẹ̀dé. Ìyá Sàfú ló wà lẹ́yìn. Kúlà ńlá kan ló wà láàárín òun àti ọlọ́kadà, ní ibi tí àgbò jókòó sí níjọ́sí, ó sì fi ọ̀já kan náà dè é mọ́ àyà.

"Ẹ kú ọdún, Bàbá Láàbù! Ẹ bá mi gbé Gómìnà sọ̀ o."

"Háà, Gómìnà dà?"

"Ó ti lo sáà rẹ̀ tán."

Mo gbé kúlà náà wọlé. N kò ní purọ́ fún yín, bí mo ṣe ń gbé e, itan ni mo ń rò. Obìnrin tó lè fi odidi àárọ̀ ṣa ewé fún ẹni tí kò mọ̀ rí, irú ẹran wo ni kò ní ṣà fún ẹni tó bá a gba ọgbà padà? Mo ṣí ìdérí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni etí àgbò kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni pátákò kan, ṣàkì, fùkù, egungun ìhà, ẹ̀dọ̀ díẹ̀, awẹ́ itan kan tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ, àti ìrù.

Mo gbójú sókè wò ó. Ó ti fọwọ́ lẹ́rán, ó ń retí ìyìn.

"Mo mú ti òkè, mo mú ti àárín, mo mú ti ìsàlẹ̀," ló wí. "Mo rò ó pọ̀, mo pín in sí mẹ́rin. Àwọn ará ilé ń pariwo pé irú ẹran wo ni mo fẹ́ gbé lọ fún ẹni ńlá. Mo ní ẹ fi mí sílẹ̀. Mo ní bí mo bá ṣà á fún Bàbá Láàbù, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ bí Gómìnà ṣe rí?"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ẹ̀yìn mi fi ro. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi gbé e kaná, mo sì jókòó tì í, mo jẹ ẹ́ láti etí títí dé ìrù. N kò ṣa ọ̀kan kúrò.